Ojú Kejì Zenobio

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àwọn ará Pukarumi ìlú mi tó bá mi sọ ọ́: èmi Eleuterio Ccorahua, ayàwòrán tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Lima, mi ò mọ ojú yà. Ojú kan, mo mọ̀ ọ́n yà. Ojú méjì ni kì í gbọ́ tèmi. Bí ti ọ̀tún bá jókòó dáadáa, ti òsì á lọ fara ti etí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn tí mo ti ń yà láti kékeré fi ń kọ ẹ̀gbẹ́ síni. Imú kan tó yọ síta, ojú kan, etí kan, iṣẹ́ parí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Tayta Gumersindo, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó wo ojú àkọ́kọ́ tí mo yà sórí pákó, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Lute, ọmọ mi, ẹni tí kò lè ru ìkòkò méjì, kó yáa ru ọ̀kan." Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀kan ni mò ń rù.

Nígbà tí nǹkan le nílé, mo gba Lima lọ, mo ń ya pákó kéékèèké tà fún àwọn àlejò lẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni Doña Graciela tó ni ilé ìpàtẹ àwòrán ti bá mi. Ó dúró síwájú iṣẹ́ mi, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó béèrè ìdí tí àwọn èèyàn mi fi gbójú sí ẹ̀gbẹ́. Òótọ́ wà lẹ́nu mi o, ṣùgbọ́n ebi wà nínú mi. Mo kàn ní, "Hùn-ún." Hùn-ún yẹn nìkan ni mo sọ. Nígbà tí ìwé ìpàtẹ jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹni olójú kan tí Ccorahua ń yà ni ìran tó kọ̀ láti wo àwọn tó gba ilẹ̀ wọn lójú. Nígbà tí mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì mìíràn ló kó mọ́ mi, ó ní àwa mẹ́ta ni ayàwòrán ayé òde òní tí èèyàn ò lè ṣi ọwọ́ wọn mọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Rember, ọmọ inú igbó ni, ara èèpo igi ló ń yàwòrán sí. Gbogbo odò rẹ̀ dúdú, gbogbo òṣùpá rẹ̀ pupa. Ìwé ní àwọ̀ ojú àlá ni. Rember ń jẹ ẹran lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún mi pé àwọ̀ méjèèjì tí igi ẹ̀yìnkùlé ìyá òun ń mú jáde náà nìyẹn. Ìkejì ni Doña Casilda, ará etí adágún Puno, tó ń fi òwú ṣe ọnà sára àpò ìyẹ̀fun. Gbogbo ilé inú iṣẹ́ rẹ̀ ló dagun. Ìwé ní ayé ló ti dagun lójú obìnrin náà. Casilda ní awò ojú òun ló fọ́, òun ò sì tíì rí òmíràn rà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ti iṣẹ́ wa pẹ̀lú bàtà tuntun, a di ife mú, à ń mi orí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ìbéèrè, ilẹ̀ la máa ń wò.

Ìyìn ń pa èèyàn bí ọtí, ó kàn jẹ́ pé a kì í bì í ni. Mo ra akẹtẹ̀ dúdú kan tó fẹ̀ bí atẹ, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, mo sì padà sí Pukarumi. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń dá àwọn tó ń kí mi lóhùn. Saturnina ìyàwó mi ló sọ mí ní Tayta Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyẹn Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní, "Tayta Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ ò tíì jẹun. Wọn ò mọ̀ pé o ti wọ̀wé."

Ní báyìí, Doña Graciela ti gbọ́ nípa pákó kan tó wà nínú ilé Wilber, ọmọ ìsàmì mi. Ó ń ṣe ìwé mìíràn, ó wá ránṣẹ́ pé kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ya ojú kejì Zenobio sórí rẹ̀. Mo ti rò ó sókè, mo ti rò ó sódò. Kò sí nǹkan kan lọ́kàn mi àfi ẹ̀rù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tuntun kì í ní òrùlé àfi tí bàbá ìsàmì onílé bá gbé pákó wá. Pákó gígùn ni, a ó ya onílé àti ìyàwó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ká wá máa to àwọn òbí, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò lọ sókè, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, títí dé òkè tí oòrùn àti òṣùpá wà. Abẹ́ òrùlé la máa ń so ó mọ́. Tí o bá nà gbalaja lórí ibùsùn rẹ, àwọn èèyàn rẹ wà lókè orí rẹ. Ẹni tí kò bá sí lórí pákó, kò sí nínú ẹbí nìyẹn. Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń kọjú: alààyè ń wo ọ̀tún níbi tí oòrùn wà, òkú ń wo òsì lọ́dọ̀ òṣùpá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú mọ èyí ní Pukarumi. Èmi tí mi ò mọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, mo ti máa ń rò pé torí tèmi ni Ọlọ́run ṣe dá àṣà náà sílẹ̀.

Nemesio, bàbá Wilber, ni kompadre mi, nítorí èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ síbi ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa ti pẹ́ jùyẹn lọ. Èmi àti òun àti Zenobio àbúrò rẹ̀ la jọ ń da àgùntàn. Ní àwọn ọdún tí àwọn tó gbé ìbọn ń wọ ìlú wa, tí èyí ń jáde tí tọ̀hún ń wọlé, wọ́n gbé Zenobio sórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì fi aṣọ bò ó lórí àti lójú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Látìgbà náà, a ò rí i, a ò rí egungun rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ní jóná mọ́ ilé. Ìyá wọn, Mama Fermina, ṣì wà láyé, kò sì sí oúnjẹ tó sè rí tí kì í bu ti Zenobio sọ́tọ̀. Tó bá tutù tán, á gbé e fún ajá. Gbogbo wa mọ̀, a kì í sọ ọ́.

Wilber gbéyàwó, ó mọ ilé rẹ̀ dé orí ògiri. Oyún ìyàwó ti ń yọ, òjò náà sì ti ń ṣú lórí òkè. Mo ti ń fọ́nnu káàkiri pé pákó tí mo fẹ́ ṣe yìí, láti Lima ni wọ́n á ti máa wá wò ó. Àṣé ẹnu mi ló ń wa kòtò, ẹsẹ̀ mi ló máa já sí i.

Nemesio ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé ìgò ọtí kan síwájú mi, ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Kompadre, òsì ni kó máa wò."

Kò dárúkọ ẹni, mi ò sì béèrè: Zenobio ni. Ó ní ohun tí òun ń wá ni àgbélébùú kan ní itẹ́ òkú, ì báà jẹ́ sàréè òfìfo, kí ìyá òun lè sunkún kó sì sun ún tán. Ó ní àwo oúnjẹ yẹn ń pa ìyá òun díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pa òun náà, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn, òun ò tíì fi ọkàn kan jẹun lójú ìyá òun rí. Ó ní tí mo bá kọjú Zenobio sí ọ̀tún, òun ò ní fi èjìká òun gbé pákó náà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Mama Fermina dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ewé koka tó ń jẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Lute, ìwọ àti òun lẹ jọ máa ń jí ọ̀dùnkún mi jẹ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ọ̀tún ni."

Mo fẹ́ sọ pé Nemesio ti wá. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Àwọn tó gbé e lọ ò tíì wá bá mi sọ pé ó kú. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá sọ fún mi?"

Ó ní tí mo bá kọjú ọmọ òun sí òsì, òun ò ní tẹ ilé ọmọ ọmọ òun, àfi tí wọ́n bá gbé òkú òun kọjá níwájú ẹ̀. Ó yí padà, ó sì lọ.

Ẹ wá wo wàhálà. Tí mo bá ya ọ̀tún, bàbá ò ní bá wọn gbé pákó. Tí mo bá ya òsì, ìyá àgbà ò ní wọlé. Tí mo bá sì yọ Zenobio kúrò, mo ti fi ọwọ́ ara mi lé e jáde nínú ẹbí. Ayàwòrán ńlá wá ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Lima. Mo ti di ẹrù mi o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Saturnina bá mi nídìí ẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Jẹ́ kó kọjú sí wa."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ojú méjì ló ní nígbà tó wà níbí. Jẹ́ kó kọjú sí wa, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì."

Mo wú, mo sọ fún un pé ayàwòrán tó bá ní ọnà tirẹ̀ kì í déédéé yà kúrò nínú ẹ̀, pé Lima mọ ọwọ́ mi, pé tí wọ́n bá rí ojú méjì lára iṣẹ́ mi, wọ́n á ní ẹlòmíì ló ṣe é. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tayta Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ò mọ̀ ọ́n yà ni." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ọ́ rí. Mo ti rò pé kò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú yà ní ọjọ́ ogbó mi. Mo yà á sórí òkúta, mo yà á sẹ́yìn igbá, mo yà á sára ilẹ̀kùn ilé ẹlẹ́dẹ̀. Saturnina ló ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo àkọ́kọ́, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n túfọ̀ fún nìyẹn. Ó wo òmíràn, ó ní eléyìí ń fojú kan sùn, ó ń fojú kejì ṣọ́ ọbẹ̀. Ti ilẹ̀kùn yẹn, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fúnra wọn kọ̀ láti wọlé, àfi ìgbà tí mo fọ̀ ọ́ nù.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lórí. Mo ní, ṣé kí n ya akẹtẹ̀ sí i lórí, kí n fà á wálẹ̀ kó bo ojú, ṣé kò tán? Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Ẹ̀rín kúrò lójú Saturnina.

Ó rọra ní, "Aṣọ ni wọ́n fi bò ó lójú lọ. Ìwọ náà tún fẹ́ bò ó?"

Mo gbé ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń yàwòrán sílẹ̀. Ojú ti mí. Mo rí i bí Zenobio ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá etí ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ náà nítorí pé kò ríran, èmi sì wà lẹ́yìn ògiri, mo dákẹ́. Mo sunkún gidi. Saturnina bó ọ̀dùnkún rẹ̀ tán, ó sì fi mí sílẹ̀ kí n sunkún mi.

Bí mo ṣe nu ojú tán, mo dojú kọ pákó. Mo ya gbogbo ẹbí ní olójú kan bí ìṣe mi, wọ́n sì dùn ún wò. Nemesio wà lẹ́yìn màlúù rẹ̀. Mama Fermina ń ran òwú, ó ń wo ọ̀tún, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú àyè yẹn ni mo ya Zenobio sí, ó kọjú sí wa, ó gbé gìtá kékeré rẹ̀ sáyà. Mo ya ojú kan, ó dúró. Mo dúpẹ́. Mo di èémí mú, mo ti ìyẹ́ bọ àwọ̀, mo gbé e lọ sí ojú kejì, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó ti ń ṣe látọjọ́ Tayta Gumersindo. Ẹyin ojú yẹn sá lọ sí ìkángun bí ẹni tó rí agbowó-orí. Ẹfun tí a fi ń kun pákó sì máa ń mu àwọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Tí o bá ní o fẹ́ ha á, igi ni wàá bá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ó dáa, kí wọ́n pa mí.

Ẹnikẹ́ni kì í rí pákó kó tó dé àgbàlá onílé. Nígbà tí Nemesio béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni Zenobio kọjú sí, mo ní á rí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè, mo ní ẹ ó rí i, Mama. Àwọn méjèèjì gbà pé tàwọn ni mo ṣe, torí náà, àwọn méjèèjì wá. A fi kúbùsù wé pákó náà, Nemesio wà níwájú, Wilber wà lẹ́yìn, àwọn tó ń ta fayolí-ìn ń tẹ̀ lé wa, a sì ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo mu jù, kì í ṣe torí ayọ̀.

Wọ́n tú kúbùsù, wọ́n gbé pákó náà léjìká kí gbogbo èèyàn lè rí i. Bàbá ìsàmì ló ń kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, "Wilber rè é, ìyàwó rẹ̀ rè é, Nemesio àti màlúù rẹ̀ rè é." Mò ń sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Zenobio, mo gbé e mì, mo fò lọ sórí oòrùn. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti débẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin kan. Ẹnì kan ní ojú méjèèjì ti bá ara wọn jà. Ìlú bú sẹ́rìn-ín.

Nemesio yí ọrùn lábẹ́ pákó, ó rí i. Kò pariwo. Ó ní, "Kompadre, kí lo fi àbúrò mi ṣe?"

Mo ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí. Mo ní, "Mi ò mọ ojú méjì yà. Mi ò mọ̀ ọ́n yà rí."

Ẹ̀rín yẹn tún wá lé ní ìlọ́po. Mi ò bínú sí wọn. Ká ní ẹlòmíì ni, èmi ni ǹ bá rẹ́rìn-ín jù.

Mama Fermina ní, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Wọ́n rẹ pákó náà wálẹ̀ dé ìbàdí. Ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́, ó fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán náà. Ẹ̀rín dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ìka rẹ̀ lé ojú kejì tó sá lọ yẹn, kò fi kan àwọ̀, ó ń tọ ibi tó ń wò lọ díẹ̀díẹ̀, títí ìka náà fi dé orí ìyá arúgbó tó ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ló ń wò."

Ó dá ìka náà padà sórí ojú ọmọ rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń wò mí nìyí. Tó bá ti jẹ tiẹ̀ tán, tó fẹ́ tọrọ sí i, tí kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rí i."

Nemesio wo àwòrán náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó gbé ojú lé apá ara rẹ̀, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò fi pákó sílẹ̀.

Wilber wo ojú ọ̀run tó ti dúdú. Ó bi ìyá bàbá rẹ̀ bóyá kí àwọn máa gbé e gòkè kí òjò tó dé.

Mama Fermina ní, "Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun."

Ó wọ ìdí ààrò lọ. A ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀, a ń gbọ́ ìdérí ìkòkò. Ó gbé àwo jáde, àgbàdo sísè wà nínú rẹ̀, ọ̀dùnkún tó tóbi jù ló wà lórí, ó sì gbé e dúró síwájú ojú méjèèjì yẹn. Nemesio fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kí pákó náà lè ṣe déédéé pẹ̀lú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo sáré na akẹtẹ̀ Lima mi sókè orí Zenobio kí omi má baà fọ ojú kejì yẹn lọ. Kò sẹ́ni tó sá wọlé. A dúró níbẹ̀ títí ó fi jẹun tán.